Bràsíl gba òmìnira: oṣù Keje ni àbí oṣù Kẹsàn-án?

Ìbéèrè: Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọṣẹ dúdú, àdìrẹ àti orógbó ni mò ń tà, oníbàárà mi kan sì wà ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, lórílẹ̀-èdè Bràsíl. Ọjọ́ 1 oṣù Keje ni mo balẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ṣọ́ọ̀bù kan ò ṣí. Ìlù ń dún, àsíá wà lójú fèrèsé kálukú, oníbàárà mi wọ aṣọ aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, ó ní ọdún òmìnira ni àwọn ń ṣe. Mo pe ọmọ mi n'Íbàdàn, ó yẹ̀ ẹ́ wò lórí Google, ó ní rárá o, pé ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ni. Ẹni tó wa takisí gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfuurufú ló wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ó ní ọmọ ọba tí wọ́n ní ó kéde òmìnira lọ́jọ́ 7 yẹn, inú ló ń ṣu ú lẹ́bàá odò, pé ìtàn àròsọ ni ìyókù. Èwo ni kí n mú nínú gbogbo ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ọjà. Kò sí ẹni tó parọ́ fún yín nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí kan onítakisí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní nǹkan kan. Ọjọ́ wo ni ọba di ọba? Ṣé ọjọ́ tí Ifá mú un ni, àbí ọjọ́ tí àwọn afọbajẹ fẹnu kò lé e lórí, àbí ọjọ́ tó wọ ìpèbí, àbí ọjọ́ ìwúyè, àbí ọjọ́ tí gómìnà gbé ọ̀pá àṣẹ lé e lọ́wọ́ níwájú kámẹ́rà? Tí kábíyèsí bá fẹ́ ṣàjọyọ̀ ogún ọdún lórí ìtẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ yìí ni yóò mú. Tí ẹ bá sì fara balẹ̀ wádìí, ẹ óò rí i pé ó nídìí tó fi mú ọ̀kan tó fi ìyókù sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ Bràsíl rí. Ọjọ́ tó ṣeé mú lé ní márùn-ún. Ohun tó yẹ ká béèrè ni ta ló mú èyí tó wà nínú kàlẹ́ńdà, kí ló sì rí tó fi mú un.

Òmìnira tiwọn kò jọ tiwa. Àwa, òyìnbó tó ń pàṣẹ lé wa lórí jókòó sí London. Ní tiwọn, ọba tó ń pàṣẹ lé wọn lórí ló kó ẹrù rẹ̀ wá bá wọn gbé. Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 1807, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Napoleon ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Lisbon, odindi ààfin Potogí, tọba tìjòyè, kó sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sá. Salvador yẹn gan-an tí ẹ ń kó ọjà lọ ni ọkọ̀ wọn kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí, ní oṣù Kìíní 1808, kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú lọ sí Rio de Janeiro. Láti ìgbà náà, Rio ni wọ́n ti ń ṣe ìjọba gbogbo ilẹ̀ Potogí. Nígbà tó di 1815, wọ́n gbé Bràsíl ga, ó kúrò ní ilẹ̀ tí wọ́n ń jẹ lé lórí, ó di ìjọba tó ń bá Pọtugal dọ́gba.

Àwọn ará ilé ò fara mọ́ èyí. Wọ́n dìde ní ìlú Porto ní 1820, wọ́n dá ilé aṣòfin sílẹ̀ ní Lisbon, wọ́n ní kí ọba àwọn máa bọ̀ nílé. João Kẹfà padà ní oṣù Kẹrin 1821 tìfẹ́ tìkọ̀, ó sì fi ọmọ rẹ̀ Pedro, ọmọ ọdún 22, sílẹ̀ ní Rio gẹ́gẹ́ bí adelé. Ilé aṣòfin yẹn kò jẹ́ kí Pedro sinmi. Wọ́n fẹ́ kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Bràsíl máa gba àṣẹ láti Lisbon tààrà, wọ́n sì ní kí ọmọkùnrin náà wá sílé wá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní 1822, Pedro sọ fún àwọn ará Rio pé òun dúró, òun ò lọ mọ́. Àwọn kan máa ń ka òmìnira láti ọjọ́ yẹn. Ní oṣù Kẹfà, ó pe àpéjọ tí yóò kọ òfin Bràsíl. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, ó ní sójà yòówù tó bá ti Pọtugal wá láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òun, ọ̀tá ni. Ọjọ́ kẹfà oṣù yẹn kan náà ni ìwé ńlá kan jáde sí àwọn ìjọba ilẹ̀ mìíràn, José Bonifácio de Andrada e Silva ló kọ ọ́, ọ̀rọ̀ òmìnira sì wà nínú rẹ̀ kedere.

Ẹ ò wá ní í ṣàìbi mí pé, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé kì í ṣe oṣù Kẹjọ ni wọ́n kéde? Ìwé náà ṣì ń pe João ní ọba. Ohun tó ń sọ ni pé àwọn aṣòfin Lisbon ti sọ ọba di ẹlẹ́wọ̀n, nítorí náà Bràsíl yóò máa ṣe ìjọba ara rẹ̀ lábẹ́ ọmọ rẹ̀. Nígbà náà, ẹnu àwọn tó ń sọ “òmìnira” kò tíì kò. Ẹlòmíràn ń sọ ọ́, ohun tó ní lọ́kàn kò ju kí Rio máa dá pàṣẹ, kí bàbá àti ọmọ sì jọ máa jẹ́ ọba lọ.

Ká wá kan ọjọ́ 7.

Ní àárín oṣù Kẹjọ, Pedro kúrò ní Rio, ó lọ parí ìjà àwọn olóṣèlú ní São Paulo. Ìyàwó rẹ̀ Leopoldina, ọmọ olú-ọba Austria, ló fi sórí àga adelé. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù pé, ọkọ̀ kan dé láti Lisbon pẹ̀lú ìwé àwọn aṣòfin: wọ́n fagi lé àṣẹ Pedro, wọ́n tún ní kí wọ́n gbé àwọn mínísítà rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, Leopoldina jókòó pẹ̀lú àwọn ìgbìmọ̀, José Bonifácio wà níbẹ̀, wọ́n sì fẹnu kò pé ó tó gẹ́ẹ́. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ óò rí àwọn tó ń sọ pé obìnrin yìí ló fọwọ́ sí òmìnira lọ́jọ́ náà, pé ọkọ rẹ̀ kàn lọ pariwo ni. Ọ̀rọ̀ wọn lágbára ju ohun tí ọwọ́ mú lọ, ṣùgbọ́n n kò lè dá wọn lẹ́bi tán. Ó jókòó sórí àga àṣẹ lọ́jọ́ náà, ó sì kọ lẹ́tà tirẹ̀ mọ́ ti José Bonifácio, wọ́n kó o lé Paulo Bregaro lọ́wọ́ pé kó sáré tete lọ bá Pedro.

Ọjọ́ 7, ìyẹn ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìpàdé náà, ni Bregaro bá a. Pedro ń ti Santos bọ̀ létí òkun, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè Serra do Mar tán. Bí ẹ bá ti rí irú òkè bẹ́ẹ̀, ẹ óò mọ̀ pé kì í ṣe ojú ọ̀nà ẹṣin ìgúnwà. Ìbaaka ni wọ́n ń gùn lọ síbẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀ lórí òkúta. Àwọn tó bá a rìn wà lára àwọn tó sọ ọ́ pé inú ń yọ ọ́ lẹ́nu lọ́nà, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń wọgbó, ó ń padà gùn ún. Ibẹ̀ ni onítakisí yín ti mú tirẹ̀. Ó di nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ kí àwọn ońṣẹ́ tó bá a lẹ́bàá odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ipiranga, níwájú São Paulo. Wọ́n ka lẹ́tà fún un. Àlùfáà Belchior Pinheiro de Oliveira, tó wà níbẹ̀, ní ìbínú mú un gbọ̀n, ó gba ìwé náà, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ní kí gbogbo wọn já àmì àwọ̀ Potogí tó wà lára aṣọ wọn dànù, ó sì ké e jáde: “Òmìnira tàbí ikú!”

Mo gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Inú tó ń ṣu èèyàn ò ní kó má sọ ọ̀rọ̀ gidi. Ẹ kàn wá wo ohun tó tẹ̀lé e. Ìwọ̀nba àwọn tó bá a rìn ló gbọ́. Kò sí akọ̀wé tó ń kọ ọ́, kò sí ìwé tí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí. Ní ọjọ́ kejì, ó bá àwọn ará São Paulo sọ̀rọ̀ nínú ìwé, ó lo gbólóhùn “Òmìnira tàbí ikú” gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tó yẹ kí Bràsíl máa pè, ṣùgbọ́n kò sọ pé lánàá lẹ́bàá odò ni òun kéde. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, nígbà tó ti padà sí Rio, ó kọ̀wé sí bàbá rẹ̀. Lẹ́tà gbígbóná ni: ó ní àwọn ò fẹ́ nǹkan kan láti Pọtugal mọ́, nǹkan kan, nǹkan kan. Kò dárúkọ Ipiranga níbẹ̀ náà. Àlùfáà Belchior kò tẹ ohun tó rí jáde títí di 1826. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́rin pẹ́ lẹ́nu.

Ọjọ́ tí àwọn ará Rio fojú ara wọn rí ni 12 oṣù Kẹwàá. Ọjọ́ ìbí Pedro ni, ó pé ọmọ ọdún 24. Èrò kún pápá Campo de Santana, wọ́n yin ìbọn, wọ́n sì kígbe rẹ̀ ní olú-ọba Bràsíl. Ọjọ́ yìí ni Bràsíl ní olórí tirẹ̀ tí kì í ṣe adelé ẹnikẹ́ni. João kò jẹ́ ọba wọn mọ́ láti ìgbà náà. Wọ́n tún dé e ládé ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn kan ò sí lórí èyí, ó ti di olú-ọba kó tó dádé. Tí ẹ bá rí ìwé ìjọba láti ìgbà yẹn, wọ́n máa ń kọ ọ́ sábẹ́ déètì pé ọdún báyìí “ti Òmìnira àti ti Ìjọba Olú-ọba”, wọ́n so méjèèjì pọ̀. Nínú gbogbo ọjọ́ tí mo kà sílẹ̀, tí ẹ bá fi dandan lé e pé kí n mú ẹyọ kan tí Bràsíl ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ ní gbangba, 12 oṣù Kẹwàá ni n óò mú.

Kí ló wá dé tí kì í ṣe òun ni wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún? Òfin kan jáde ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án 1826 tó to ọjọ́ àjọ̀dún orílẹ̀-èdè, 7 oṣù Kẹsàn-án àti 12 oṣù Kẹwàá wà nínú rẹ̀ pa pọ̀. Ọdún 1826 yìí kan náà ni ẹ̀rí Belchior jáde. Ìdí rẹ̀ ò ṣòro láti rí tí ẹ bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 1825, ní Rio, Pọtugal fọwọ́ sí àdéhùn pé òun gbà pé Bràsíl ti dá dúró. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni kò dùn. Wọ́n kọ ọ́ bíi pé João ló fi inú rere gbé ìjọba fún ọmọ rẹ̀, wọ́n tún jẹ́ kí òun náà máa jẹ́ oyè olú-ọba Bràsíl lórí ahọ́n lásán. Lẹ́yìn náà ni owó: 2 mílíọ̀nù pọ́n-ún ni Bràsíl gbà láti san. 1.4 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ jẹ́ gbèsè tí Pọtugal jẹ ní London, 600,000 sì jẹ́ owó àwọn ohun ìní João tó fi sílẹ̀ ní Bràsíl. Ẹni tó ń gba òmìnira ló tún ń san gbèsè fún ọ̀gá! Inú bí àwọn èèyàn. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni igbe Ipiranga ti di ohun iyebíye, nítorí igbe ni, kò sí ẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀bùn bàbá, kò sí owó. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ní tirẹ̀ so mọ́ ọjọ́ ìbí ènìyàn kan, ẹni náà sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1831, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ àwọn òyìnbó. Ta ni yóò tún máa jó ọjọ́ ìbí rẹ̀?

Ìyókù, àwọn ará São Paulo àti ayàwòrán ló ṣe é. Àwòrán tí ọmọ yín rí lórí fóònù, tí ọmọ ọba jókòó sórí ẹṣin tó fa idà yọ, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ aṣọ funfun tó ń dán, Pedro Américo ló yà á, ní Florence, ní ilẹ̀ Ítálì, ó sì parí rẹ̀ ní 1888. Ọdún 66 lẹ́yìn igbe nìyẹn, wọn ò tíì bí Pedro Américo nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Ìbaaka di ẹṣin, aṣọ ìrìn-àjò tó kún fún ẹrẹ̀ di aṣọ ẹ̀ṣọ́ ààfin. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo ti dúró níwájú àwòrán náà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n kọ́ sí Ipiranga. Ó gùn ju mítà méje lọ, ó gba odindi ògiri. Ẹ wo igun apá òsì rẹ̀ dáadáa tí ẹ bá débẹ̀: bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń da màlúù tó ń fa kẹ̀kẹ́ igi, ó yíjú wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n dí lọ́nà. Òun nìkan ló jọ ẹni tó wà lójú ọ̀nà yẹn lóòótọ́ lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oníbàárà yín ló jẹ mí lógún jù, nítorí pé òun ló ni ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ jù.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 1822 tí Pedro ń ké lẹ́bàá odò, Salvador wà lọ́wọ́ àwọn sójà Potogí. Ọ̀gágun wọn, Madeira de Melo, ti gba ìlú láti oṣù Kejì ọdún yẹn lẹ́yìn tí òun àti àwọn sójà ọmọ ilẹ̀ jà sí ojú títì. Nínú ìjà yẹn ni wọ́n ti ya wọ ilé àwọn sístà ní Lapa, tí wọ́n pa ìyá àgbà wọn, Joana Angélica, lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó sá kúrò nílùú kó ara wọn jọ sí àwọn ìlú oko tó yí etí omi ká. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà 1822, Cachoeira kéde pé Pedro ni àwọn ń tẹ̀ lé, ọkọ̀ ogun Potogí tó wà nínú odò wọn sì yin ìbọn lu ìlú. Ẹ ṣàkíyèsí déètì náà, ó ju oṣù méjì lọ kí Ipiranga tó ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Bahia kì í fi gbọ́rọ̀ ẹni tó bá ní São Paulo ni òmìnira ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n sé Salvador mọ́ láti ìta. Wọ́n jà ní Pirajá ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá. Ìtàn tí gbogbo ọmọ Bahia mọ̀ ni ti afunfèrè kan, Luís Lopes, tí wọ́n ní kó fun fèrè pé kí wọ́n sá padà, òun wá fun ti pé kí àwọn ẹlẹ́ṣin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá wọn. Kò sí ẹlẹ́ṣin kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n Potogí ò mọ̀, wọ́n tú ká. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí, bóyá ẹnu ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, ó dùn ún gbọ́. Èyí tó dájú ni ti Maria Quitéria, ọmọbìnrin àgbẹ̀ tó wọ aṣọ ọkùnrin, tó sì lọ wọ iṣẹ́ ológun. Nígbà tí àṣírí tú, wọn ò lé e, ó jà títí ogun fi parí, olú-ọba fúnra rẹ̀ sì fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ láyà ní Rio ní oṣù Kẹjọ 1823.

Ebi ló ṣẹ́gun Potogí nígbẹ̀yìn. Wọ́n sé ilẹ̀ mọ́ wọn, ọkọ̀ ogun tí Lord Cochrane ń darí fún olú-ọba sì sé omi. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 2 oṣù Keje 1823, Madeira de Melo kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n lọ. Àwọn tó wọ ìlú lọ́jọ́ náà kò jọ ẹṣin àti idà Pedro Américo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà ní ẹsẹ̀ lásán, aṣọ ti ya mọ́ wọn lára, àwọ̀ ara wọn sì dúdú ju ti àwọn tó wà nínú àwòrán lọ. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn igbe Ipiranga. Wọ́n jà ní Piauí pẹ̀lú, Maranhão àti Pará kò sì wọlé títí di oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ 1823. Tí a bá wá sọ fún ará Salvador pé òmìnira rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 7 oṣù Kẹsàn-án 1822, a ń sọ fún un pé ó ti lómìnira nígbà tí ìbọn Potogí ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ohun tí ẹ rí lójú títì, ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń tún rìn, láti Lapinha. Ère ọkùnrin onílẹ̀ tó wọ ìyẹ́ lórí, tó ń fi ọ̀kọ̀ gún ejò lábẹ́ ẹsẹ̀, Caboclo ni wọ́n ń pè é, ejò yẹn sì ni Potogí. Láti 1826 ni ère rẹ̀ ti ń jáde, ti obìnrin rẹ̀, Cabocla, dé lẹ́yìn rẹ̀. Tí wọ́n bá gbé wọn dé Campo Grande, wọn óò wà níbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, àwọn èèyàn á máa kó èso àti òdòdó wá síbi ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á ká lẹ́tà kéékèèké há ara kẹ̀kẹ́ náà: ẹnìkan ń tọrọ iṣẹ́, ẹnìkan ń tọrọ ọmọ. Àwọn onílé òrìṣà ibẹ̀ mọ Caboclo ní tiwọn, kì í ṣe ère lásán lójú wọn. Ìjọba àpapọ̀ kò kà á sí títí di 2013, nígbà tí òfin kan wá fi ọjọ́ náà kún àwọn ọjọ́ ìtàn orílẹ̀-èdè. Ní 1998 ni wọ́n sì ti yọ orúkọ Dois de Julho, ìyẹn 2 oṣù Keje, kúrò lára pápákọ̀ òfuurufú tí takisí gbé yín lọ, wọ́n fi orúkọ ọmọ olóṣèlú kan rọ́pò rẹ̀. Ẹ bi àgbàlagbà ibẹ̀ léèrè lọ́nà pápákọ̀, orúkọ àtijọ́ lẹ óò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kù tó kan àwa Yorùbá, n kò sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ apá dídùn rẹ̀ nìkan. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Nagô ní Salvador nígbà náà, ọmọ wa ni wọ́n, ogun tó ń tú Ọ̀yọ́ àti Òwu ká ló kó wọn sọ́wọ́ àwọn tó ń ta ènìyàn. Ogun òmìnira yẹn gba àwọn ẹrú kan sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun, lẹ́yìn rẹ̀ ìjọba sì ní kí wọ́n dá àwọn tó jà sílẹ̀, kí wọ́n sanwó fún olówó wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ Áfíríkà kan dìde ní ìhà Pirajá ní ìparí 1822, Labatut, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó jẹ́ ọ̀gágun fún òmìnira, ní kí wọ́n yìnbọn pa àwọn tó lé ní 50 tí ọwọ́ tẹ̀, láìgbọ́ ẹjọ́ wọn. Àwọn tó kù ṣì jẹ́ ẹrú lẹ́yìn 7 oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn 2 oṣù Keje, lẹ́yìn àdéhùn 1825. Ní oṣù Kìíní 1835, àwọn Ìmàle, tí Bràsíl ń pè ní Malê, dìde ní Salvador, Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n lé àwọn kan padà, tí àwọn mìíràn fowó ara wọn wọkọ̀, tí Àgùdà fi kún Èkó àti Porto-Novo. Ọjọ́ tí òfin fòpin sí oko ẹrú ní Bràsíl ni 13 oṣù Karùn-ún 1888, ọdún kan náà tí Pedro Américo parí àwòrán rẹ̀.

Èkó pàápàá tiẹ̀ wọ ọ̀rọ̀ òmìnira yìí. Ní 1824, nígbà tí Pọtugal kò tíì gbà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Manuel Alves Lima fara hàn ní Rio, ó ní aṣojú olú-ọba Benin àti ọba Onim ni òun, pé wọ́n gbà pé Bràsíl ti dá dúró. Onim ni Èkó. Àwọn kan fẹ́ràn láti máa fi ìyẹn yangàn pé Èkó ló ṣáájú àwọn òyìnbó. Ọjà tí Èkó àti Bahia ń bá ara wọn ná nígbà náà ló mú aṣojú wá, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń tà.

Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kó kọ 7 oṣù Kẹsàn-án tó bá jẹ́ ìdánwò ni. Tí ẹ bá tún ń lọ, ẹ jẹ́ kí ẹrù yín dé kí oṣù Kẹfà tó parí, nítorí ìsinmi ni 2 oṣù Keje ní gbogbo Bahia, ẹ ò ní í rí ẹni tí yóò ra ọṣẹ. Ẹ wọ aṣọ ewé àti yẹ́lò, kí ẹ bá oníbàárà yín dé Campo Grande. Tí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ tọrọ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á bá yín há a.